Wisikí Skọ́tláńdì àti ti Írẹ́láńdì: bí mo ṣe ń tọ́ wọn wò pọ̀

Ọkùnrin kan gbé ìgò Laphroaig, wisikí Skọ́tláńdì kan, padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì. Ó ti ṣí i. "Màmá, ẹ gbà o, ayédèrú lẹ tà fún mi. Ó ń rùn bíi wọ́ọ̀dù ọsibítù." Mo gbé e sí imú. Ojúlówó ni. Òórùn tó ń ráhùn nípa rẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó fẹ́ràn ọtí náà ń tìtorí ẹ̀ náwó. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo gbé ìgò náà sẹ́yìn káńtà, mo sì ní kó padà wá lálẹ́ ọjọ́ Sunday, nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń tọ́ ọtí wò.

Ilé ọtí ni wọ́n bí mi sí. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi ń pọn ní Ìkéré. Èmi ni mo máa ń rẹ àgbàdo sómi, tí màá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí yóò fi hù, ká tó sá a sóòrùn. Nígbà tí mo wá kà á pé bí wisikí náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ọkà báálì ni wọ́n ń rẹ tí wọ́n ń jẹ́ kó hù, ẹ̀rín pa mí. Iṣẹ́ ìyá mi ni, òyìnbó kàn fi ìkòkò bàbà àti àgbá igi kún un.

Ẹni tó bá mu ọ̀kan lónìí, tó mu èkejì lóṣù tó ń bọ̀, kò tíì fi wọ́n wéra. Ahọ́n kì í rántí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin mẹ́rin ẹ dáwó jọ, kí oníkálùkù ra ìgò kan: Jameson àti Bushmills ọlọ́dún 10 láti Írẹ́láńdì, Glenfiddich ọlọ́dún 12 àti Johnnie Walker Black Label láti Skọ́tláńdì. Bí ọmọ yín kan bá ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín mú Redbreast ọlọ́dún 12 bọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìdérí dáadáa, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti tú u rí.

Ife gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ há ni kẹ́ ẹ lò. Ife ike máa ń ní òórùn tirẹ̀, ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ tí wọn ò ṣàn dáadáa tún burú jù ú lọ. Ìwọ̀n ìdérí ìgò méjì ti tó nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi lọ́fínńdà sára lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ uyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí irú kún inú rẹ̀ tán. (Uyán ni àwa ń pè é o, ẹ̀yin ará Èkó ẹ máa pè é ní iyán.) Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí kò ní mu bu ọtí náà ní yàrá kejì, kó kọ nọ́ńbà sí ìdí ife, kí ẹnikẹ́ni má mọ èwo ni èwo. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgò tówó rẹ̀ wọ́n jù ni gbogbo yín máa sọ pé ó dùn jù. Ojú mi ti rí i.

Imú ló kàn. Ẹ má kàn ti imú bọ inú ife, yóò ta yín. Ẹ gbé ife sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ máa fà á símú díẹ̀díẹ̀. Kí oníkálùkù wá sọ ohun tí imú tirẹ̀ mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò kàn yín. Òyìnbó á ní òun gbóòórùn èso pía ti ìlú òyìnbó. Ta ni wọ́n fi pía tọ́ dàgbà ní Adó? Lára Jameson, gúgúrú onísúgà àti ewé tútù ni mò ń gbọ́. Bushmills dà bí afárá oyin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n jù ni Glenfiddich máa ń rán mi létí. Redbreast, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, oko bàbá mi ni mo rántí, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ewé kúrò lórí kòkó tí wọ́n ti bò fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tísà ní irọ́ ni mò ń pa, pé kéèkì Kérésìmesì ni. Àwa méjèèjì la tọ̀nà.

Ẹnu àkọ́kọ́ kò kà, ẹ kàn fi ń jí ahọ́n ni. Ẹ tún un mu, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yí kiri lẹ́nu kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Ẹni tó máa wakọ̀ tàbí gun ọ̀kadà, kó tu tirẹ̀ sínú ife òfìfo. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi sí i, bíi ṣíbí tíì kan, kẹ́ ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Òórùn tó sápamọ́ tẹ́lẹ̀ máa jáde. Omi inú ike ni kẹ́ ẹ lò, omi inú ọ̀rá máa ń gbé òórùn ọ̀rá wá. Yìnyín ń pa ahọ́n kú, ẹ jẹ́ ká parí ìdíje ná, lẹ́yìn náà kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú.

Wàyí o, kí ló mú kí wọ́n yàtọ̀? Òfin àwọn méjèèjì jọra: ó kéré tán ọdún mẹ́ta nínú àgbá igi, ọtí líle inú rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú 100. Sísè rẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ní Skọ́tláńdì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀ ń gbé e gba inú ìkòkò bàbà; ní Írẹ́láńdì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń sè ògógóró rí mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń tún un sè ló ń fúyẹ́, tí òórùn tó wúwo ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí Jameson fi ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Àwọn ará Írẹ́láńdì tún ní ọgbọ́n kan. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé owó orí lé ọkà tó hù lórí ní ọdún 1785, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ọkà tí kò hù mọ́ ọn kí owó náà lè fúyẹ́. Ohun tí wọ́n fi sá fún agbowó-orí ló wá di adùn tí wọ́n fi ń yangàn: bó bá dé orí ahọ́n, ó máa ń nípọn bí epo, ó sì ń ta díẹ̀ bí ata ilẹ̀. Redbreast lẹ ti máa rí i jù. Ọmọ Írẹ́láńdì kan tó ti ṣiṣẹ́ agbowó-orí ọtí rí, Aeneas Coffey, ló gbàwé àṣẹ ní 1830 fún ẹ̀rọ kan tó ń sè ọtí láìdúró. Àwọn ará ìlú rẹ̀ yínmú sí i. Skọ́tláńdì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ibẹ̀ ni irú ọtí àdàlù bíi Johnnie Walker, tí wọ́n po ọtí ìkòkò bàbà mọ́ ọtí ẹ̀rọ yìí, ti rọ́wọ́ mú.

Èéfín ńkọ́? Ní erékùṣù Islay ní Skọ́tláńdì, níbi tí Laphroaig ti wá, igi ìdáná ò pọ̀. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ń pè ní pítì ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, koríko àti ewé tó ti ń jẹrà nínú ẹrẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á sá a, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á fi gbẹ ọkà tó hù. Èéfín á wọnú ọkà lọ. Ẹ rántí àjà ilé ìdáná àwọn ìyá wa àgbà, pẹ̀lú àgbàdo irúgbìn àti ẹran ìgbẹ́ tó ti dúdú. Ẹni tó fi ẹran orí àjà dàgbà ló wá ní Laphroaig ń rùn!

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìlú pín in. Glenfiddich ọlọ́dún 12, ọmọ Skọ́tláńdì, imú mi ò rí èéfín kankan lára rẹ̀. Connemara, ọmọ Írẹ́láńdì, èéfín ló kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì ń sè Auchentoshan nítòsí Glasgow.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí: nọ́ńbà ara ìgò jẹ́ ti ọtí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àdàlù náà, inú àgbá nìkan ló sì ti ń dàgbà. Bàbá ọkọ mi fi ìgò kan sínú kọ́bọ̀ọ̀dù fún ogún ọdún, ó ń sọ fún àlejò pé ó ti di ọlọ́dún 32. Ọlọ́dún 12 ló ṣì jẹ́, Bàbá.

Ọkùnrin yẹn wá lọ́jọ́ Sunday. Àwo ẹran ìgbẹ́ yíyan wà nílẹ̀, mo fi Laphroaig rẹ̀ ṣe ife karùn-ún, n kò sì sọ fún un. Bushmills ló fún ní ipò kìíní. Nígbà tó dé orí ife karùn-ún, ó gbé e símú, ó wò mí, ó mú ẹran kan jẹ, ó tún gbé e símú. Ó ní òun ò ní pè é ní ayédèrú mọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní mu ún. Ó ra Jameson kékeré kan àti ẹ̀pà, ó sì lọ.