Àṣìṣe tó ń fowó ṣòfò nídìí iṣẹ́ họ́mónù àti sẹ́ẹ̀lì T

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, ẹ jọ̀ọ́, owó tó ń bá omi lọ yìí ti pọ̀ jù, ó ń dùn mí.

1. Ẹ má da akọ eku pọ̀ mọ́ abo. Họ́mónù akọ máa ń mú thymus (ẹ̀yà ara tó wà lórí ọkàn, níbi tí sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn, ti ń dàgbà) súnkì, ẹ tẹ akọ lọ́dàá kẹ́ ẹ wò ó, á tún wú padà.

2. Cortisol, họ́mónù ìpayà tèèyàn, kọ́ lẹ ó wá nínú ẹ̀jẹ̀ eku. Corticosterone ni.

3. Omi pupa tẹ́ ẹ fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, àwọ̀ pupa inú ẹ̀ lè ṣe bí estrogen, họ́mónù abo, láti 1986 la ti mọ̀. Serum, omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹran tẹ́ ẹ ń dà sí i, náà ní họ́mónù tiẹ̀ nínú. Ẹ ra èyí tí ò láwọ̀, àti serum tí wọ́n ti fi èédú fa họ́mónù inú ẹ̀ kúrò.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ìpayà eku. Hans Selye ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1936 pé ohun yòówù tó bá ń ni eku lára, òtútù ni o, ọgbẹ́ ni o, thymus ẹ̀ á súnkì. Ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín ló ń tú corticosterone jáde, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì T tí ò tíì gbó, tó gbé CD4 àti CD8 (àmì méjì tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì T) pa pọ̀, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù nínú thymus, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ ń kú.

Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Mo fi họ́mónù olówó ńlá gún eku lójoojúmọ́, thymus kéré, inú mi dùn, àfìgbà tí ọ̀gá mi bi mí pé àwọn tá a fi ń wé wọn ńkọ́, àwọn yẹn ò tiẹ̀ rí abẹ́rẹ́ sójú. La bá fi òróró lásán, tí ò ní họ́mónù nínú, gún àwọn míì. Ìgbà tá a la àwọn olóròóró yìí, ibi tó yẹ kí ẹran funfun méjì ti sùn síra wọn lórí ọkàn, nǹkan pẹlẹbẹ kan báyìí la bá níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń pa sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe họ́mónù, oṣù mélòó kan sì ti lọ.

Torí náà eku tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kó sinmi tó ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ̀ yín, kí ẹnì kan náà máa gún gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn olóròóró. Ẹ má pa ọ̀kan lójú èkejì. Wákàtí kan náà lójúmọ́ ni o, torí ìrọ̀lẹ́ tí eku ń múra àtijí ni corticosterone ẹ̀ máa ń ga. Tẹ́ ẹ bá sì máa gba ẹ̀jẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 3 lọ sígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kan ilé ẹ̀, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpayà tẹ́ ẹ fún un lẹ ń wọ̀n.