Bí mo ṣe so tẹlifóònù mọ́ àwọn lọ́rí afọ́kúta

Kí GSM tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, rédíò VHF, ìyẹn rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń wá dírẹ́bà wọn kàn. Ilé-iṣẹ́ afọ́kúta kan lápá Abẹ́òkúta ló gbé iṣẹ́ fún mi: kí ọ́fíìsì lè bá lọ́rí sọ̀rọ̀, kí dírẹ́bà sì lè ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí tẹlifóònù onílà.

Òkè pọ̀ níbẹ̀, VHF kì í sì í la òkè já. Mo gbé ripítà sí ibi tó ga jù, mo ri òpó irin mọ́lẹ̀ fún ẹ́ríálì. Ripítà ń gbọ́ lórí ìkànnì kan, ó ń tún un sọ lórí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Duplexer, ẹ̀rọ tó ń ya ohun tó ń gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń sọ, ni kì í jẹ́ kí ariwo ẹnu ẹ̀ di í létí. Phone patch ló wá so ó mọ́ ìlà tẹlifóònù. Ẹnì kan ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan: tẹ bọ́tìnnì, sọ tìẹ, wí pé "ovà", fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé ìlà ti já.

Inú lọ́rí gan-an niṣẹ́ wà. Bátìrì 12 volt méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra ń gbé 24 wá, rédíò sì ń fẹ́ 12. Àwọn rewaya a kàn fà á lára bátìrì kan. Èmi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bátìrì yẹn ló máa kú ṣáájú èkejì. Converter, ẹ̀rọ tó ń sọ 24 volt di 12, ni mo fi sí i, fíúùsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Lórí òrùlé ọkọ̀, mo ha ọ̀dà kúrò títí irin fi hàn kí n tó de ìdí ẹ́ríálì. Ní ìkànnì 150 MHz, gígùn ẹ́ríálì ò ju bíi 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gé e, tí mo ń wo SWR, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí agbára tí ẹ́ríálì ń dá padà ṣe pọ̀ tó, nítorí èyí tó bá gé ti gé.

Bàbá tó ń fi dáínámáìtì fọ́ àpáta wá bá mi: "Ẹ̀ńjìníà, ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ fi rédíò sọ wá di súyà?" Òótọ́ ni bàbá sọ. Wáyà detonator oníná, ìyẹn ohun tó ń mú dáínámáìtì bú, lè gba ìgbì rédíò bí ẹ́ríálì, kó sì gbiná. A jọ fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, a gbé pátákó sójú ọ̀nà: lọ́rí tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pa rédíò pátápátá. Kí dírẹ́bà kàn dákẹ́ ò tó, ìgbọ̀nwọ́ lè tẹ bọ́tìnnì. Bàbá fúnra ẹ̀ ló ń dúró ti pátákó náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yin dáínámáìtì.