Irin Ọwọ́ Méjì Ti Tó: Bí A Ṣe Ń Mú Iṣan Le Nínú Ilé

Ẹni tó ń gbé irin kílò 2 nígbà 50 lójoojúmọ́, tí oṣù mẹ́fà sì kọjá tí apá rẹ̀ kò yí padà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Irin náà ni kò bá a jà. Iṣan kì í le nítorí pé ó rẹ̀ wá. Ó ń le nítorí pé iṣẹ́ tí a gbé fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, tó sì rí àyè sinmi kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Irin ọwọ́ tí à ń wí ni èyí tí wọ́n ń pè ní dumbbell, ọ̀pá kúkurú tó ní orí wúwo lọ́tùn-ún àti lósì. Méjì péré tó láti ṣiṣẹ́ lára gbogbo ara, bí a bá mọ èyí tó yẹ ká mú.

Irin wo ló tọ́ sí yín?

Ẹ gbé irin kan kí ẹ sì kà á. Bí ẹ bá lè gbé e nígbà 8 tí ara ò wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọjá 12, irin yín nìyẹn. Bí ẹ bá dé 15 tí ẹ ṣì ń bá ará ilé tàkúrọ̀sọ, ó fúyẹ́ jù. Bí ẹ bá sì ti ń fi gbogbo ara ju irin sókè nígbà tí ẹ kà dé 5, ó wúwo jù.

Irin kan ò lè bá gbogbo ara mu, nítorí iṣan itan àti ìdí lágbára ju ti èjìká lọ fíìfíì. Ẹni tí kò gbé irin rí lè fi kílò 3 sí 5 bẹ̀rẹ̀ fún èjìká, kílò 5 sí 8 fún ẹ̀yìn àti àyà, kílò 8 sí 12 fún itan. Ìwọ̀n àfojúbù ni. Ìdánwò òkè yìí ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí irin tí a ń tú tí a sì ń tò fi dára ju èyí tó dì pọ̀ lọ: ọ̀pá ìmúlọ́wọ́ méjì, pẹ̀lú àwọn àwo irin kílò 1.25 àti 2.5 tí ẹ lè fi kún un tàbí yọ kúrò. Ewu tirẹ̀ ni nọ́ọ̀tì tó di àwo mú. Bí ọ̀pá ṣe ń yí lọ́wọ́ yín ni nọ́ọ̀tì ń tú díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ yí i le kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ gbé irin ní àgbétẹ̀lé kí ẹ tó sinmi. Àwo tó bọ́ lókè orí kì í mọ̀ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀.

Bí kò bá sí irin rárá, kẹ́ẹ̀gì tó ní ìmú ń ṣiṣẹ́. Lítà omi kan jẹ́ kílò 1; lítà iyanrìn gbígbẹ sún mọ́ kílò 1.6, tó fi jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fún iyanrìn á wọn nǹkan bíi kílò 8. Ẹ kún un dé ẹnu. Omi tó bá mọ ní ìdajì á máa ru gùdù nínú rẹ̀, á sì máa fa ọrùn-ọwọ́ yín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fún itan, báàgì àgbékẹ́yìn tí ẹ kó ìwé sí, tí ẹ wá gbé kọ́ àyà, dára ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Kí ẹ tó gbé e

Ẹ dúró lórí ilẹ̀ tó le, láìwọ bàtà, tàbí kí ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàtà ìsáré tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ń mú kí ẹsẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ nìkan lórí táìlì ń yọ̀. Ẹ na apá yín yípo. Ohunkóhun tí ọwọ́ bá kàn, ẹ gbé e kúrò. Kí ọmọdé má sí nítòsí.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 rìn lójú kan, kí ẹ yí èjìká, kí ẹ lóṣòó dìde nígbà 10 láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin tó tó ìdajì èyí tí ẹ fẹ́ lò ṣe sẹ́ẹ̀tì kan ní ìrọ̀rùn.

Ohun méjì wà tó kan gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ mí síta bí ẹ bá ń ti irin, ń fà á, tàbí ń dìde. Ẹ mí sínú bó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sé èémí mọ́nú, torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń fò sókè lójijì bí a bá sé e tí a sì ń gbé ohun wúwo. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí irin já bọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3 sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ náà wà lára iṣẹ́. Ẹni tó ń jù ú sílẹ̀ ti fi ìdajì èrè rẹ̀ sílẹ̀.

Ìlóṣòó

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé orí kan irin náà ró ní òòró, kó wà lábẹ́ àgbọ̀n, kó fara ti àyà. Ẹsẹ̀ á fẹ̀ díẹ̀ ju èjìká lọ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kọjú síta díẹ̀. Ẹ gbé àga sẹ́yìn, ẹ lóṣòó títí ìdí yóò fi rọra kan àga, ṣùgbọ́n kí ẹ má jókòó. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ dìde.

Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nílẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ ló gan. Ẹ fi ìwé tó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sábẹ́ gìgísẹ̀ méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. Bí orúnkún bá ń wọ inú bí ẹ ṣe ń dìde, irin ti wúwo jù tàbí pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ ti orúnkún sí ìhà ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, bí kò bá sì gbọ́, ẹ dín kílò kù.

Títi ìdí sẹ́yìn

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹ̀yìn jẹ́ nìyí, ó sì tún wà lára àwọn ìgbésẹ̀ tó wúlò jù lọ, nítorí bí a ṣe ń gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ ló ń kọ́ ara. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ láìmú irin. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí ẹsẹ̀ yín jìnnà sí i tó ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ó má sì tún tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn títí yóò fi kan ògiri, kí àyà máa tẹrí lọ síwájú fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ sún kúrò lẹ́bàá ògiri díẹ̀ sí i.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀yìn tọ́, ẹ gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ lé e ní òòró. Ó gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn orí, àárín èjìká méjèèjì àti òkè ìdí ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń tẹ̀. Bí ibì kan bá fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ̀yìn ti ká.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó mú irin kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó máa fara ra iwájú itan bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, títí dé àárín ojúgun, kí ẹ wá ti ìbàdí síwájú láti nàró. Ẹ̀yìn itan ló yẹ kó máa fà yín. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ro yín, ohun kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: ẹ̀yìn ká, tàbí irin jìnnà sí ẹsẹ̀. Bí irin ṣe ń jìnnà sí ara ni ẹrù tó wà lórí eegun ẹ̀yìn ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò rẹ̀ kò yí padà. Gbogbo ẹni tó ti gbé garawa omi kò jìnnà sí òtítọ́ yìí.

Fífà àti títì

Fún ẹ̀yìn, ẹ fi ọwọ́ òsì di àga tó dúró ṣinṣin mú, ẹ tẹ ara síwájú bíi ti òkè yìí, kí irin wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fà á sí ìbàdí, kì í ṣe sí àyà. Bí ẹ bá fà á sí àyà, ọrùn àti èjìká á gba iṣẹ́ náà mọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́. Kí ìgbáyà má yí sókè tẹ̀lé irin. Bó bá ń yí, irin náà wúwo jù.

Fún àyà, ilẹ̀ ti tó, kò sí bẹ́ńṣì tí ẹ nílò. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ gbé irin lé itan, ẹ wá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú wọn kí ẹ sì tẹ orúnkún. Ẹ ti irin sókè títí apá yóò fi nà, ẹ sọ̀ ọ́ títí apá òkè yóò fi rọra kan ilẹ̀. Kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà díẹ̀, bí orí ọfà, kó má nà síta bíi lẹ́tà T, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iwájú èjìká ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun ni. Bí ẹ bá parí, ẹ gbé irin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó dìde.

Fún èjìká, ẹ nàró, kí irin wà lẹ́bàá etí, ẹ tì í sókè tààrà. Ẹ fún ìdí pọ̀ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn má bàa tẹ̀ wọnú. Bó bá ṣì ń tẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ kan ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi gbígbé-rìn parí rẹ̀: irin tó wúwo jù lọ lọ́wọ́ méjèèjì, èjìká sísàlẹ̀, ẹ rìn nínú ilé fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40. Ìka ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ti kíká apá, ìyẹn títẹ ìgbọ̀nwọ́ láti gbé irin sókè sí èjìká, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ńkọ́? Sẹ́ẹ̀tì 2 ní ìparí ti tó, ìgbọ̀nwọ́ kó má sì jù síwá sẹ́yìn. Fífà irin sí ìbàdí ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe máa rí

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 ni pé kí àgbàlagbà ṣe irú eré yìí ní ọjọ́ 2, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Mẹ́ta dára jù fún ẹni tó fẹ́ tètè rí ìyàtọ̀, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín: Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, fún àpẹẹrẹ. Ẹ ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà, sẹ́ẹ̀tì 2 fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 3. Ẹ dúró nígbà tí ẹ bá rí i pé ìgbà 2 péré ló kù tí ẹ lè gbé e dáadáa. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí 2 láàárín sẹ́ẹ̀tì, kó tó 3 fún itan. Ẹni tí àkókò ò tó lè máa fi fífà àti títì gba ara wọn: bí àyà bá ń sinmi, kí ẹ̀yìn máa ṣiṣẹ́.

Ìwé kékeré àti bírò

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ kì í mọ ibi tí imú dé. Ẹ kọ ọjọ́, kílò àti iye ìgbà: “kílò 5: 10, 9, 8.” Ní ọjọ́ tó kàn, ẹ fẹ́ fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un níbì kan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀tì 3 bá ti di 12, 12, 12, ẹ fi kílò kún un.

Ibẹ̀ ni wàhálà irin ọwọ́ wà. Láti kílò 5 bọ́ sí 7.5 dà bí ohun kékeré, àmọ́ ìdajì ẹrù náà lẹ fi kún un yẹn. Ẹ má fò ó. Ẹ kọ́kọ́ gbé kílò 5 dé 15 tàbí 20. Tàbí kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 4 sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tàbí kí ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 ní ìsàlẹ̀. Fún itan, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, kí ẹ máa lọ sísàlẹ̀ lórí ti iwájú: irin kan náà á di ẹrù tuntun. Irin tó fúyẹ́ ṣì ń mú iṣan tóbi títí dé nǹkan bí ìgbà 30, bó bá ṣáà ti sún mọ́ ibi tí agbára ti ń tán. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé ohun wúwo ní tòótọ́ ni kò lè sá fún kílò ńlá.

Bí iye náà kò bá kúrò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ẹ wo oorun àti oúnjẹ kí ẹ tó dá irin lẹ́bi. Purotéènì tó tó gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ti tó. Ẹni kílò 70 nílò nǹkan bíi gíráàmù 112, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kì í ju nǹkan bíi 6 lọ. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó fi kún un.

Ìrora wo ni ká fara dà?

Kí iṣan ro yín, kó sì gan, láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn eré jẹ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìrora mímú bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹ dá ìgbésẹ̀ yẹn dúró. Bí àyà bá ń dun yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ gbé irin sílẹ̀ kí ẹ wá ìtọ́jú. Bí iṣan bá wú gan-an, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi tíì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà, torí iṣan tó fọ́ lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Aláboyún, ẹni tó ní ìpá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ ní láti rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kílò á máa lọ sókè láìjẹ́ pé apá tóbi, nítorí ọpọlọ àti iṣan ara ló ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ìrìn àjò tàbí àìsàn bá sì gba ọ̀sẹ̀ 3 lọ́wọ́ yín, ẹ má padà sí iye tí ẹ kọ kẹ́yìn. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kílò náà kúrò, ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì 2 fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá máa gun òkè padà. Iṣan tó ti le rí kì í pẹ́ kó tó dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.