Mo Sanwó fún Tónà, Íńkì ni Wọ́n Tẹ̀ fún Mi

£84. Owó bébà, owó ọ̀dà àti owó acetone (kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ nǹkan) tí mo rà, tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, wọn ò tó iye tí ilé ìtẹ̀wé kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù gbà lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ tí mo dà sínú garawa ìdọ̀tí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwòrán tí mo fi fọ́tò ilé wa àti ọ̀dà ṣe náà ti parí, ó sì dára, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.

Èmi ni mo fẹ́ yà, níbi tí mo jókòó sí nídìí tábìlì ní Peckham, tíì lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ amúlégbóná lábẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n ògiri yàrá náà àti ilẹ̀ rẹ̀ ní láti jẹ́ kìkì fọ́tò ilé wa ní Ìbàdàn: Màmá mi nínú ìró àti bùbá ní 1977, ọdún FESTAC, alimánákà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àdìrẹ Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Mi ò fẹ́ àpótí, mi ò fẹ́ Ghana-must-go, mi ò fẹ́ bàálù. Gbogbo àwòrán tí wọ́n bá yà nípa àwa tá a wà lókè òkun ni báàgì máa ń wà nínú ẹ̀, bí ẹni pé pápákọ̀ òfurufú là ń sùn. Ta ló ń ká ẹrù láti ogún ọdún?

Ara iṣẹ́ Njideka Akunyili Crosby, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ni mo ti rí ọ̀nà tí mo gbà ṣe é. Enugu ni wọ́n ti bí i ní 1983, ó sì lọ Amẹ́ríkà ní 1999. Ní 2018 wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kan, Remain, Thriving, sí ẹnu ọ̀nà ibùdó rélùwéè abẹ́lẹ̀ ní Brixton: àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ará Karíbíà tó wá sí Ìlú Ọba lẹ́yìn ogun jókòó ní pálọ̀, ayé àwọn tó ṣáájú wọn sì wà káàkiri inú yàrá náà. Nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń dúró wò ó títí wọ́n á fi máa fi èjìká gbá mi. Njideka máa ń fi kẹ́míkà bíi acetone ṣí fọ́tò kúrò lára bébà kan sí òmíràn, lẹ́yìn náà ló máa wá fi ọ̀dà kùn ún.

Ìlà yíyà, èyí tí ẹ máa fi pẹ́ńsù ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Fọ́tò gan-an ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lọ yà wọ́n lára álíbọ́ọ̀mù Màmá, ó sì fi WhatsApp ránṣẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ojú Màmá ti di ìrúkèrúdò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò." Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe Màmá kan náà ni?" Wọ́n ṣáà fi ránṣẹ́, ó sì mọ́ rekete.

Ilé ìtẹ̀wé ló kàn. Mo bi ọmọkùnrin tó wà ní káńtà léèrè bóyá tónà, ìyẹ̀fun tí ẹ̀rọ laser fi ń tẹ̀wé, ni ẹ̀rọ wọn ń lò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bi í, mo sì ṣàlàyé pé acetone kì í yọ́ íńkì olómi, tónà nìkan ló ń yọ́, nítorí pé ike lúbúlúbú ló wà nínú rẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́. Mo ti yí gbogbo fọ́tò náà padà bíi ti inú dígí fúnra mi, kí lẹ́tà ara alimánákà má baà kà sẹ́yìn.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí fèrèsé, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo dojú fọ́tò dé orí bébà, mo fi òwú tó rin fún acetone pa á lẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fura sí acetone, torí èyí tí wọ́n fi ń nu èékánná sábà máa ń ní omi àti òróró nínú, ṣùgbọ́n ògidì ni tèmi. Mo fura sí bébà. Gbogbo alẹ́ ni mo fi ń pa, tí mo ń tẹ̀ ẹ́, títí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Àfi ìgbà tí omi tíì kán sára ọ̀kan tí aṣọ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ ni mo mọ̀ pé íńkì ni. Tónà kì í ṣàn nínú omi.

Mo padà lọ. Ọ̀gá wọn ní ohun tó wà nínú fáìlì lòun tẹ̀, owó kì í padà. Ó tún ní àwọ̀ ti inkjet, ẹ̀rọ oníńkì olómi, dára ju ti laser lọ, kí n tiẹ̀ dúpẹ́! Mo rọra jáde kí n má baà ya wèrè sí i lọ́rùn.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ń ta káàdì ìpè tó sì ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ ló gbà mí sílẹ̀. Ẹ̀rọ fọtokọ́pì kan tó ti gbó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. "Ọmọ mi, tónà ni o, wo ọwọ́ mi bó ṣe dúdú." £1 ni wọ́n gbà lórí ewé A3 kọ̀ọ̀kan. A3 kéré sí ohun tí mo fẹ́, ni mo bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé sì hàn gedegbe bíi ti aṣọ òkè tí wọ́n rán pọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an làwọn àlejò máa ń dúró sí.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é: ẹ ṣí fọ́tò tán pátápátá kí ẹ tó fi ọ̀dà acrylic kàn án, torí acetone á jẹ ọ̀dà náà. Ẹ má dáná sítòsí rẹ̀, kíá ló ń gbiná. Ẹ fọkàn sí i pé àwọ̀ á ṣá díẹ̀, dúdú ló máa ń yọ jù. Kí ẹ sì tó san kọ́bọ̀ nílé ìtẹ̀wé èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n tẹ ewé kan ṣoṣo, kí ẹ ti ìka bọ omi, kí ẹ fi nù ún níwájú wọn. Ojú lè tì yín. Ẹ nù ún.

Férémù ló kù báyìí. Iye tí ẹni tó ń ṣe é bù fún mi ju ti ìtẹ̀wé lọ, torí náà klípì ni mo fi gbé e kọ́ pálọ̀.