Trimurti Kì í Ṣe Mẹ́talọ́kan: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Brahma, Vishnu àti Shiva

Bí Yorùbá bá gbọ́ pé àwọn Híńdù so òrìṣà mẹ́ta pọ̀, Mẹ́talọ́kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Trimurti ni wọ́n ń pè é ní èdè Sanskrit, ó túmọ̀ sí "ìrísí mẹ́ta": Brahma dá ayé, Vishnu dá a sí, Shiva ń tú u ká kí òmíràn lè jáde. Mẹ́talọ́kan jẹ́ ẹ̀kọ́ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó lé lórí ní Nicaea lọ́dún 325 àti ní Constantinople lọ́dún 381, ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ di aládàámọ̀. Àwọn Híńdù kò ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Ènìyàn lè jẹ́ Híńdù títí ọjọ́ ikú rẹ̀ kó má bọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ má sì rò pé wọ́n dọ́gba lójú gbogbo olùsìn. Àwọn Vaishnava, tí Vishnu jẹ́ olórí fún, sọ pé inú òdòdó tó hù láti ìdodo rẹ̀ ni Brahma ti jáde. Àwọn Shaiva, tí Shiva jẹ́ olórí fún, náà ní ìtàn tiwọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Brahma àti Vishnu ń du ipò àgbà, ni òpó iná kan bá yọ láàárín wọn, tí kò ní ìdí, tí kò ní orí. Vishnu di ìmàdò, ó wa ilẹ̀ lọ. Brahma di ẹyẹ, ó fò sókè. Vishnu padà, ó jẹ́wọ́ pé òun kò rí ìdí rẹ̀. Brahma purọ́ pé òun dé orí rẹ̀. Shiva jáde láti inú òpó náà, ó sì gégùn-ún fún un pé wọn kò ní máa bọ ọ́. Lóòótọ́, tẹ́ńpìlì Brahma ṣọ̀wọ́n ní Íńdíà. Èyí tó lókìkí jù wà ní Pushkar, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan. Kódà ní Prambanan, ní erékùṣù Java ní Indonesia, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ti Shiva ló wà láàárín, mítà 47 ni gíga rẹ̀, ó ga ju ti àwọn méjì yòókù.

Àṣìṣe kan wà tí lẹ́tà kan ṣoṣo ń fà. Brahma ni òrìṣà tó ní orí mẹ́rin. Brahman, tó ní "n" nídìí, kì í ṣe òrìṣà rárá: òun ni òtítọ́ tó wà lẹ́yìn ohun gbogbo, tí kì í ṣe akọ, tí kì í ṣe abo. Àwọn ìwé Upanishad, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Híńdù, ní a kò lè júwe rẹ̀ ju pé ká máa sọ pé "kì í ṣe báyìí, kì í ṣe báyìí". Lójú Shankara, onímọ̀ ọgbọ́n orí Híńdù kan, àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Brahman yìí nìkan ló wà ní tòótọ́. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé Brahman ní orí mẹ́rin ti da gbogbo rẹ̀ rú. (Brahmin yàtọ̀ pátápátá: ìdílé àwọn àlùfáà ni.)

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n pe Shiva ní apanirun, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀, bí ẹni pé òun ni ọ̀tá. Orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ẹni ire. Nígbà tí àwọn òrìṣà ń po òkun láti wá omi àìkú, májèlé ló kọ́kọ́ jáde, Shiva ló gbé e mu kí ayé má bàa parun, ọ̀fun rẹ̀ sì di aró. Ẹ wo ère rẹ̀ níbi tó ti ń jó: ìlù ìṣẹ̀dá wà ní ọwọ́ kan, iná wà ní èkejì, ọwọ́ kẹta sì nà sókè tó ń sọ pé "má bẹ̀rù". Àwa tí a mọ ohun tí wọ́n fi ojú Èṣù rí nígbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ túmọ̀ "devil" nínú Bíbélì Yorùbá, kò yẹ kí àwa tún ṣe irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá: Saraswati ìyàwó Brahma, Lakshmi ìyàwó Vishnu, Parvati ìyàwó Shiva. Àwọn Shakta, tí òrìṣà obìnrin jẹ́ olórí fún, gbà pé Ìyá ni agbára tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí fi ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá sì ń wá àwòrán, ẹ ṣọ́ra fún ère tó ní orí mẹ́ta inú ihò Elephanta, nítòsí Mumbai, tí UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 1987. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ "Trimurti" sábẹ́ rẹ̀. Shiva nìkan ni orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan tutù bí obìnrin, ti àárín dákẹ́ rọ́rọ́. Suchindram, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ni kí ẹ lọ wò. Níbẹ̀, inú òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń bọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ tẹ́ńpìlì náà, Thanumalayan, sì jẹ́ orúkọ Shiva, Vishnu àti Brahma tí wọ́n so pọ̀.