Àgbàdo Adìẹ: Bí Mo Ṣe Ń Rajà fún Oko Wa ní Ìkòròdú

Oko adìẹ ẹyin la ní lápá Odógunyàn. Ẹlòmíì ló ń tọ́jú adìẹ, ẹlòmíì ló ń ta ẹyin, èmi ni mo ń ra àgbàdo, sóyà, egungun lílọ̀ àti gbogbo ohun tó ń wọ ilé ìkẹ́rù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá oko tiwọn sílẹ̀ máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ń ra àgbàdo báyìí?" Mo máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n padà: adìẹ yín ń jẹ kílò mélòó lójúmọ́? Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò tíì ṣe tán láti ná ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀hún. Adìẹ ẹyin tó ti dàgbà ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Adìẹ 1,000 á jẹ tó kílò 120. Tí àgbàdo bá jẹ́ ìdajì oúnjẹ tí ẹ ń pò, kílò 60 àgbàdo nìyẹn lójoojúmọ́. Àpò oníkílò 100 kì í pé ọjọ́ méjì tó fi ń tán. Ẹ kọ iye yìí sára ògiri ilé ìkẹ́rù, torí òun ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró lé.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tí ẹrù fi ń dé. Òkè-Ògùn ni púpọ̀ nínú àgbàdo wa ti ń wá, láti apá Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Á gba Ìbàdàn, á gba Ṣàgámù, kó tó já sí Ìkòròdú. Ká ní láti ọjọ́ tí ẹ bá fóònù títí ọkọ̀ fi máa já ẹrù jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, adìẹ 1,000 á ti jẹ kílò 600 kó tó dé. Ọkọ̀ sì lè bàjẹ́ lọ́nà, òjò lè máà jẹ́ kí wọ́n rí àgbàdo sá. Nítorí náà mo máa ń fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lé e, ìyẹn kílò 420. Ó di kílò 1,020. Ìyẹn ni pé tó bá ti ku àpò mẹ́wàá nílẹ̀, fóònù ti gbọ́dọ̀ wà létí mi. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó ku àpò méjì, iye tí olọ́jà bá pè náà ló máa san, torí adìẹ kì í dúró de ẹni tó ń ná ọjà. Adìẹ tí ebi bá sì pa, kíá ló ń dín ẹyin kù, kì í sì í tètè padà sí bó ṣe ń yé tẹ́lẹ̀.

Ní Ìmọ̀tà níbí, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tọ́ọ̀nù 32 ni wọ́n kéde pé ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe ní wákàtí kan. Trélà tó bá kó ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù wá, kí wákàtí kan tó pé, ó ti tán. Mo máa ń ro ti ẹni tó ń wá ìrẹsì tí wọn ò tíì bó èèpo rẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kan náà la jọ ń ṣe.

Ó wá kan owó. Iye tí olọ́jà pè kọ́ ni iye tí àgbàdo jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí lowó ti ń jò jù lọ. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é (kì í ṣe iye ọjà òní o). Àlàájì kan ní Ṣàbó ń ta àpò kílò 100 ní ₦50,000, ó gbẹ dáadáa, yóò sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹlòmíì ní Òkè-Ògùn ní ₦47,000 ni tòun. Ẹ fi ₦2,500 ọkọ̀ àti ₦300 àwọn alábàárù kún un, ó ti di ₦49,800. Ó ṣì dà bíi pé ó dínwó. Ṣùgbọ́n ká ní omi inú àgbàdo yìí jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún, tí èyí tó ṣeé tọ́jú sì jẹ́ 13. Bí ẹ bá sá a gbẹ, kílò 100 yẹn á di nǹkan bíi kílò 94. Ẹ pín ₦49,800 sí 94: kílò kan ti lé ní ₦529. Ti Àlàájì Ṣàbó jẹ́ ₦500. Nínú ọgọ́rùn-ún àpò, bí àpò mẹ́fà lomi á gbé lọ, ẹ sì ti sanwó ọkọ̀ rẹ̀.

Owó ọkọ̀ náà, ẹ má fi ti oṣù tó kọjá ṣírò. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, mi ò fi iye àtijọ́ ṣírò mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé ẹrù ni mo ń béèrè tuntun.

Báwo lẹ ṣe máa mọ àgbàdo tó tutù láìní ẹ̀rọ? Ìgò àti iyọ̀ ni. Ẹ wá ìgò gíláàsì tó mọ́, tó gbẹ, tó sì ní ìdérí. Ẹ yan iyọ̀ nínú agbada kó gbẹ, kó sì tutù. Ẹ gún àpò bíi mélòó kan, tòkè, tàárín, tìsàlẹ̀, torí èyí tó dára ni wọ́n máa ń kó sókè. Ẹ da àgbàdo náà sínú ìgò kó tó ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ẹ bu ṣíbí iyọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ti kọjá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí iyọ̀ bá jábọ́ tí ìgò sì mọ́ kedere, ó ti gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn olọ́jà kan á ní, "Ìyá Adìẹ, ẹ fi eyín gé e wò, ó gbẹ!" Èmi náà ń fi eyín gé e: èyí tó gbẹ máa ń dún ko, kì í rọ̀. Síbẹ̀ mo máa ń sọ fún wọn pé, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọn ìgò mi ná." Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í bínú síyẹn. Èyí tó bá ti bu, mi ò ná an rárá, bó ti wù kó dínwó tó, torí májèlé inú rẹ̀, àfúlátọ́sìn, kò ṣeé sá lóòrùn kúrò.

Ẹ tún mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ rà. Àgbàdo àkọ́rọ̀ ń jáde ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Ó máa ń pọ̀, ó sì máa ń dínwó, ṣùgbọ́n àárín òjò ni wọ́n ti ká a. Ìwọ̀nba tí mo máa tètè lò ni mo ń rà nígbà náà. Ti àrọ̀kúrò, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń dé, lèmi ń kó pamọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé, gbogbo àpò ló ń gorí ìwọ̀n. Orúkọ ni kílò 100, ìwọ̀n ló mọ òótọ́. Ìwé mẹ́ta ni mo ń gbé síra wọn: ìwé tí mo fi béèrè ọjà, ìwé tó bá ọkọ̀ wá, àti ìwé owó. Bí mo bá béèrè ogójì àpò, tí méjìdínlógójì dé, méjìdínlógójì ni mo máa sanwó rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo ń ka ẹrù wọlé o. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ló ń kà á, òun náà ló ń buwọ́ lùwé. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí olọ́jà á máa fi owó ẹ̀yìn lọ ẹni tó ń rajà, bópẹ́bóyá. Bí ẹ bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò lè dá àpò tó fúyẹ́ padà mọ́. Orí pákó la ń to àpò sí, kì í kan sìmẹ́ńtì, kì í kan ògiri. A ń kọ ọjọ́ tó dé sí i lára, èyí tó kọ́kọ́ wọlé la sì kọ́kọ́ ń lò.

Ẹ má gbára lé olọ́jà kan ṣoṣo. Ẹni méjì ni mo ń rà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ẹnì kan ni mo ti ń ra èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí n má rà lọ́wọ́ ìkejì, kó má baà di pé ọjọ́ tí mo bá wà nínú ìṣòro nìkan ló ń gbọ́ ohùn mi. Ọjọ́ tí mo bá ní màá sanwó, ọjọ́ náà ni mo ń san án. Bí owó ò bá ní jáde, ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè láti sọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń pe àwọn méjèèjì, kódà bí mi ò bá ra nǹkan kan: èló ni àpò lọ́dọ̀ yín, ṣé òjò rọ̀, ṣé ọkọ̀ wà? Màá kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ iye àpò tó kù nílẹ̀.