Bí a ṣe ń dán omi ewúro wò lára kíndìnrín eku

Láti Kàbbà títí dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, omi ni a fi ń fún ewúro mu. A kì í sábà rẹ ẹ́ sínú ọtí líle. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewé yìí ń pa kíndìnrín lára gbọ́dọ̀ lo omi, torí ohun tí ọtí ń fà jáde lára ewé yàtọ̀ sí èyí tí omi ń fà jáde.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo ẹranko fún ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì mú ẹ̀ka tó ní òdòdó lọ fún onímọ̀ ewéko, kí ó jẹ́rìí sí i pé Vernonia amygdalina ni (orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ewúro). Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti sá ewé náà. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù ní agbègbè wa, torí ewé tí a sá nígbà òjò tètè ń bu, májèlé inú ohun tó bu sì lè ba kíndìnrín jẹ́, kí ẹ̀bi wá wà lórí ewúro tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi níbi tútù fún wákàtí 24, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ooru díẹ̀ gbẹ omi rẹ̀ títí yóò fi ku ìyẹ̀fun.

Lẹ́yìn tí ilé bá ti mọ́ àwọn eku lára, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, akọ 5 àti abo 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kan á máa mu omi lásán. Àwọn yòókù á gba ìyẹ̀fun náà tí a pò mọ́ omi, mílígíráàmù 100, 200 àti 400 fún kílò ara kan lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 28. Ní tèmi, ọ̀wọ́ olómi lásán ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni yóò sọ bóyá ooru tàbí oúnjẹ ló fa àyípadà. Eku tó wọn gíráàmù 180 nínú ọ̀wọ́ 200 nílò mílígíráàmù 36. Bí mílígíráàmù 40 bá wà nínú mílílítà kan, mílílítà 0.9 ni ẹ ó fún un.

Níparí, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò creatinine àti urea (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀), àti sodium àti potassium (iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń ṣàkóso). Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yí i láti ya omi ara rẹ̀ sọ́tọ̀ (ẹ tọ́jú jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ o, bí iná bá lọ), torí bí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́, potassium á gòkè lásán. Urea nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ó lè pọ̀ lára eku tí kò mu omi tó. Creatinine pàápàá kì í tètè sọ̀rọ̀: kíndìnrín lè ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ kí ó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ yọ kíndìnrín, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi í sínú fọ́málíìnì ìdá 10 nínú 100, tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, kí ẹni tí kò mọ ọ̀wọ́ tí ó ti wá sì fi maikirosikópù wò ó.

Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ bóyá ewúro lè dáàbò bo kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn, ìlànà yìí kò tó, nítorí eku tí ara wọn dá ni ẹ lò. Ẹ ó ní láti fi ọ̀wọ́ tí a gún ní gentamicin kún un, oògùn tó máa ń ba kíndìnrín eku jẹ́, kí ẹ sì fi òmíràn tó gba gentamicin pẹ̀lú omi ewúro wé e.